Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Gbèdéke, Olùdánwò Ò Ní

Ọjọ́ tí mo gbé ìwé ìwádìí mi lọ fi sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé, inú àpò Gánà-mọ́ọ̀sì-gó ni mo kó o sí. Ẹ̀dà márùn-ún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní ọ̀ọ́dúnrún ojú-ìwé, wọ́n sì ti bá mi fi sípáírà dè é ní ibi ìtẹ̀wé tó wà lẹ́nu géètì. Ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí bóyá ìrẹsì ni mo rà. Mo ní, "Rárá o, ọdún márùn-ún ayé mi ló wà níbẹ̀. Ẹ rọra máa gun kòtò yìí."

Ìyá tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì náà, Alhaja ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ka ẹ̀dà náà, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lẹ́tà mi, wọ́n wá wò mí lójú. Wọ́n ní, "Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ báyìí o. Ó ti di tiwọn." Àdúrà ni mo pè é. Mo ṣe àmín. Mi ò mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màámi pe gbogbo ẹbí lórí fóònù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti ń pè mí ní Dókítà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi jẹ́ Dókítà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó fojú kan àwọn olùdánwò mi.

Mi ò ní dárúkọ fásitì ọ̀hún, torí ọ̀rọ̀ náà kọjá ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti rin ọ̀nà yẹn lórílẹ̀-èdè yìí, ẹ ó rí i pé ó ní oṣù tirẹ̀ tó ń kà. Ohun tó ń dùn mí kò ju ẹyọ kan lọ: akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n dá gbèdéke fún. Ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ wà. Ọjọ́ tí owó ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wọlé wà. Iye ọdún tí o lè lò kí wọ́n tó yọ orúkọ rẹ kúrò wà. Kódà iye ọ̀rọ̀ tí àṣamọ̀ ìwé rẹ kò gbọdọ̀ kọjá wà. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbà, kàlẹ́ńdà kú nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Oyè ọ̀mọ̀wé kì í ṣe ìdánwò tí èèyàn ń jókòó kọ nínú gbọ̀ngàn. Ìwádìí lo máa ṣe fúnra rẹ, lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe báyẹn rí, lábẹ́ àgbà olùkọ́ kan tàbí méjì tí wọ́n jẹ́ alábòójútó rẹ. Wàá kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka rẹ láti ṣàlàyé ohun tí o fẹ́ ṣe. Tí o bá ti lọ síta lọ kó ohun tí o nílò jọ, wàá tún padà wá dúró, wọn á tún tú iṣẹ́ rẹ palẹ̀. Sẹ́mínà la máa ń pè é. Ẹni tí wọn kò bá tíì bi pé "Kí ni ìṣòro tí ìwádìí yìí fẹ́ yanjú gan-an?" kò tíì ṣe sẹ́mínà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi iṣẹ́ rẹ sínú ẹ̀rọ bíi Turnitin, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá o jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Tó bá yege níbẹ̀, tí alábòójútó rẹ sì fọwọ́ sí i, wàá tẹ ẹ̀dà onísípáírà. Èyí tó ní èèpo líle, tí wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ rẹ sí lára, ó di ìgbà tí gbogbo àtúnṣe bá parí.

Níbí ni àwọn olùdánwò ti ń wọlé. Ọ̀kan á ti inú ẹ̀ka rẹ wá. Ọ̀kan á ti ẹ̀ka mìíràn wá nínú fásitì kan náà. Ẹni tó ṣe pàtàkì jù ni olùdánwò láti ìta, ìyẹn àgbà olùkọ́ láti fásitì mìíràn, tí kò bá ọ jẹ, tí kò bá ọ mu. Ẹ̀ka rẹ ló máa dárúkọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn tó ti gboyè àkọ́kọ́ ló máa fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó kọ lẹ́tà sí i, tó bá sì gbà, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́. Á kà á, á kọ àbọ̀, á sì wá sí difẹ́ǹsì, níbi tí wàá ti fi ẹnu ara rẹ gbèjà ohun tí o kọ.

Ìdájọ́ tó sábà máa ń jáde níbẹ̀ jẹ́ mẹ́rin: o yege pátápátá, o yege, ṣùgbọ́n lọ ṣe àtúnṣe díẹ̀, lọ tún un ṣe dáadáa kí o padà wá, tàbí o kò yege. Tí àtúnṣe bá parí, Sẹ́néètì fásitì á fọwọ́ sí i, oyè dé nìyẹn.

Kì í ṣe ìwà ìkà ni wọ́n fi ń mú ará ìta wá o. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1948, abẹ́ Yunifásítì London ló wà, ìwé ẹ̀rí London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń gbà. Ọdún 1962 ló tó di fásitì tó dá dúró. Láti ìgbà yẹn la ti ń fún ara wa ní oyè, ojú ará ìta tó ń wo iṣẹ́ wa kò sì kúrò níbẹ̀. Fásitì kan ló ń ṣe é fún èkejì báyìí. Ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ta ló máa ń sọ pé ọbẹ̀ tí òun fúnra òun sè kò dùn?

Èwo wá ni ẹjọ́ mi? Ẹ gbọ́.

Lẹ́tà tó yẹ kó lọ bá olùdánwò láti ìta lo oṣù mẹ́ta lórí tábìlì kan. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i wà ní ìsinmi, ẹni tó ń dele dè é kò sì fẹ́ fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà máa fi lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n kọ ọ́ sí ti japa. Ó ti wà ní Kánádà tipẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pè é lórí fóònù bi í. Ni gbogbo ẹ̀ bá tún padà sí ẹ̀ka láti yan ẹlòmíràn. Ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi yàn án, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún un síwájú.

Olùdánwò kejì gbà láti ṣe é. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́. Oṣù ń gorí oṣù. Mo lọ bá alábòójútó mi. Prof ní kí n ṣe sùúrù, pé kò bójú mu kí òun máa fi fóònù da ẹgbẹ́ òun láàmú. Èmi náà kò sì gbọdọ̀ pè é, torí òfin ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ bá olùdánwò rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ difẹ́ǹsì tó pé. Òfin tó dára ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dà: ẹni tí ìyà ń jẹ kò lè sọ̀rọ̀, ẹni tó lè sọ̀rọ̀, ìyà ò jẹ ẹ́.

Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tí mo fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ìwé náà kò tilẹ̀ dé ọwọ́ ọkùnrin yẹn rí. Ó wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé kan ní fásitì tirẹ̀, lábẹ́ páálí bébà, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára àpòòwé.

Láàárín ìgbà yẹn, sáà tuntun wọlé. Wọ́n ní kí n san owó ilé ẹ̀kọ́. Mo ní, "Ẹ̀kọ́ wo ni mo ń kọ́?" Ẹni tó wà nídìí owó ní òun gbọ́ mi yé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Orúkọ mi ṣì wà lára akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì tíì sanwó kò lè ṣe difẹ́ǹsì. Ìdúró tí kò tọwọ́ mi wá, èmi ni mo sanwó rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe owó yẹn. Ilé ìwádìí kan ní Jámánì ti gbà mí fún iṣẹ́ ọdún méjì. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni ìwé tó fi hàn pé mo ti ṣe difẹ́ǹsì, kí oṣù kẹsàn-án ọdún tó parí. Mo kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, wọ́n fún mi ní oṣù méjì sí i. Nígbà tí ìyẹn náà pé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n mú ẹlòmíràn. Mi ò lè bá wọn bínú. Wọ́n dá gbèdéke, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Àmọ́ agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gba ẹjọ́ àwọn olùkọ́ náà rò. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olùdánwò láti ìta yìí, ó ní kíláàsì tirẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè pé ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ó ní àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn. Owó tí wọ́n ń fún un láti ka ìwé ọ̀ọ́dúnrún ojú-ìwé, kó kọ àbọ̀, kó tún wọkọ̀ wá, ó kéré, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í tètè dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ sì rántí ọdún 2022. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ ni ìyẹn. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gba owó oṣù. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ń dúró dè wọ́n lórí tábìlì. Ẹni tó ti ta mọ́tò rẹ̀ kó lè bọ́ ilé, ẹ wá gbé ìwé mi fún un pé kó tètè kà á. Èmi náà, tí mo bá wà ní ipò rẹ̀, mo lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Síbẹ̀, wàhálà olùkọ́ kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má mọ ọjọ́. Tí o kò bá ráyè kà á, sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. "Mi ò ráyè" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ìdákẹ́ ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ wá pé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe tirẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ṣé o ti wá kúlà?" Mo rò pé omi tútù ló ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní jọ́lọ́ọ̀fù, ìrẹsì díndín, adìyẹ, mọ́ínmọ́ín, omi oníke àti mọ́ọ̀tì, fún bí ogún èèyàn. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ̀, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí kò ní gbé oúnjẹ wá. Màámi jí láago mẹ́ta òru láti dáná.

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Àwọn àgbà wa ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ojú tó yẹ kó là kedere láti fi wo iṣẹ́ mi, ṣé ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbé adìyẹ síwájú rẹ̀? Mo mọ̀ pé ọmọlúàbí ni wá, a kì í jẹ́ kí ebi pa àlejò. Ṣùgbọ́n àlejò fásitì ni olùdánwò, kì í ṣe àlejò mi. Fásitì ló pè é, fásitì ló yẹ kó bọ́ ọ. Ẹ tún rò ó wò: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó adìyẹ, tí wọ́n wá ní kó lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kí lẹ rò pé ó máa sọ sínú ara rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sílé? Kódà tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún un, kò ní gbà á gbọ́ mọ́ láéláé.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn nìyí, òun náà ni kò jẹ́ kí n lè bínú tán. Iṣẹ́ mi dá lórí bí àwọn obìnrin ọjà ṣe ń dá àjọ. Olùdánwò láti ìta yẹn, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣí ìwé mi. Ó ti lẹ bébà kéékèèké aláwọ̀ òféèfé mọ́ ọn lára káàkiri. Ó ní, "Orí kẹta sọ pé èèyàn 384 lo bi léèrè ọ̀rọ̀. Orí kẹrin sọ pé 348. Àwọn mẹ́rìndínlógójì yòókù ńkọ́?"

Ẹnu mi gbẹ. Ọdún márùn-ún, sẹ́mínà mẹ́ta, alábòójútó, ọ̀rẹ́ méjì tó bá mi kà á, kò sẹ́ni tó rí i. Mo ṣàlàyé pé ìwé ìbéèrè mẹ́rìndínlógójì ni kò padà wá, mo sì gbàgbé láti kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yìí lọ́dún ogún sí i kò ní rí ẹ bi." Gbólóhùn yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Ìwé mi dára jù bó ṣe wà lọ torí pé ọkùnrin yìí kà á dáadáa. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló sì lò láti ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀! Oṣù mẹ́rìnlá yẹn, kì í ṣe ìwé kíkà ló jẹ ẹ́. Tábìlì ló jẹ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sí lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n fagi lé difẹ́ǹsì. Ìdánwò náà dára. Ìdúró tí kò lọ́jọ́ ni kò dára.

Àwọn ibòmíràn náà ní àgbà, wọ́n ní iṣẹ́, wọ́n sì tún ní ọjọ́. Ní Sweden, kí ọjọ́ difẹ́ǹsì tó pé, wọ́n á mú ẹ̀dà ìwé náà, wọ́n á fi ìṣó kàn án mọ́ pátákó ní fásitì, kí gbogbo ayé lè rí i kí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí yóò wáyé. Ní Netherlands, gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí àkókò bá ti pé, òṣìṣẹ́ kan á wọlé tòun ti ọ̀pá, á ní "Hora est", èdè Látìn tó túmọ̀ sí pé aago ti lù. Kódà bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá wà lẹ́nu ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ní Britain, alábòójútó rẹ kò sí lára àwọn tó ń dá ọ lẹ́jọ́. Mi ò ní ká gbé ìṣó tàbí ọ̀pá wá síbí. Mo kàn ní kí aago lè lù fún àgbà náà ni.

Kí la lè ṣe tí kò ní ná wa ní owó ńlá? Kí wọ́n yan olùdánwò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwé sílẹ̀, kí wọ́n sì pè é bi í bóyá ó ráyè. Kí lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí i ní ọjọ́ nínú: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti kà á, tí kò bá fèsì, kí ìwé kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n máa fi ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti bébà, kí páálí má baà gbé e mì. Kí wọ́n san owó olùdánwò lọ́jọ́ difẹ́ǹsì gan-an. Ẹni tí ọ̀nà bá jìn sí, kó wá lórí Zoom, bí ọ̀pọ̀ fásitì ṣe ṣe é nígbà Kòrónà. Kí wọ́n sì fòfin de kúlà. Ní pàtàkì jù, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ìwé sílẹ̀, tí ìdúró kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kó má sanwó sáà tuntun. Ẹ jẹ́ kí fásitì máa pàdánù owó nítorí ìdúró, ẹ ó rí bí lẹ́tà ṣe máa sáré.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò àtiforúkọ sílẹ̀, ẹ má kàn béèrè iye owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti jáde ní ẹ̀ka yẹn: láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ sí ọjọ́ difẹ́ǹsì, oṣù mélòó? Tí wọ́n bá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ èsì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó fi fọ́tò àpò Gánà-mọ́ọ̀sì-gó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?" Mo tẹ èsì kan, mo pa á rẹ́. Mo tẹ òmíràn, mo tún pa á rẹ́. Nígbẹ̀yìn, mo ní kó ya fọ́tò òǹtẹ̀ tí Alhaja lù sí lẹ́tà rẹ̀, kí ọjọ́ ara rẹ̀ hàn dáadáa, kó sì tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó ń ka ọjọ́ náà, kó jẹ́ pé òun ń kà á.